Alágbàlá Jayajaya: Kí Ẹgbẹ́ Àdúgbò Tó Gbọ́ Ìró Katapílà

Alága wa, ẹ̀yin mọgàjí tó wà níjòókòó, ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ pa ọjà tì torí ìpàdé yìí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ayálégbé, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú àpéjọ o, ẹ sì kú ìfaradà oòrùn.

Ọjọ́ tí alága wá bá mi nílé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa wá sọ̀rọ̀ kí àdúgbò yìí má baà parẹ́ mọ́ wa lójú." Mo bi í pé kí ló tún ṣẹlẹ̀. Ó ní wọ́n ti da ilé mìíràn wó lọ́sẹ̀ yẹn, ìró katapílà ni ẹgbẹ́ fi mọ̀. Nígbà tó lọ tán, gbólóhùn yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ìró katapílà ni ẹgbẹ́ fi mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí kò pọ̀ ju èyí lọ: katapílà ló máa ń gbẹ̀yìn dé. Ilé tó ń bọ̀ wá wó ti kú tipẹ́. Ó kú lórí òrùlé, ó kú nínú ìpàdé ẹbí, ó kú lọ́jọ́ tí ẹnì kan tẹ̀ka síwèé níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò sí. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ dá ilé sí, ibi mẹ́ta yẹn ló yẹ kó wà.

Ẹ jẹ́ ká mú oríkì ìlú wa wò ná. A ní, "Ìbàdàn mesìọ̀gọ̀ nílé Olúyọ̀lé, ìlú Ògúnmọ́lá olódogbo kérí lójú ogun, ìlú Ìbíkúnlé alágbàlá jayajaya." Láti kékeré la ti ń kì í, ó ti di ohun tí ẹnu ń sọ tí ọkàn kì í dúró gbọ́. Balógun ni Ìbíkúnlé. Ó jagun, ó ṣẹ́gun, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe odi tó yí ìlú ká. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n máa fi í yangàn nínú oríkì ìlú, wọn ò mẹ́nu ba idà, wọn ò mẹ́nu ba ẹṣin. Àgbàlá ni wọ́n mú. Àgbàlá tó fẹ̀, tó gba ọmọ, tó gba ìyàwó, tó gba ọmọ ogun, tó gba àlejò tó sá ogun wá láìní ibi tó máa sùn. Ní nǹkan bí 1829 tí àwọn jagunjagun láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá tẹ̀dó sórí òkè wọ̀nyí, bí ìlú ṣe tò nìyẹn: olórí ogun kan, agbo ilé kan, àgbàlá kan láàárín. Ẹ lọ sí Ayéyé, ilé Ìbíkúnlé wà níbẹ̀. Ẹ lọ sí Òkè Àrẹ, orúkọ Ààrẹ Látòósà ni wọ́n ń pè níbẹ̀ títí dòní.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ilé fi jinlẹ̀ n'Íbàdàn ju bó ṣe jinlẹ̀ ní àwọn ìlú mìíràn lọ. A ò ní ìdílé ọba kan ṣoṣo. Ẹni tó máa di Olúbàdàn, inú agbo ilé ló ti ń bẹ̀rẹ̀: yóò kọ́kọ́ jẹ mọgàjí, ìyẹn olórí agbo ilé wọn, kó tó máa gun àtẹ̀gùn oyè lọ díẹ̀díẹ̀, yálà níhà Olúbàdàn tàbí níhà Balógun. Baálẹ̀ ni wọ́n ń pe olórí ìlú kí orúkọ oyè náà tó di Olúbàdàn ní 1936, àti Baálẹ̀ àti Olúbàdàn, ilé tirẹ̀ ni kálukú fi ń ṣe ààfin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀yin mọgàjí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Bí agbo ilé bá di ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá, mọgàjí ibo lẹ máa jẹ́?

Mo fẹ́ sọ ti ilé bàbá mi fún yín, torí ojú mi ló ṣe.

Kò jìnnà sí odò Kúdẹtì. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni, bàbá bàbá mi ló fi owó kòkó kọ́ ọ. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ló gòkè, ìkeje máa ń dún, òun ni ìyá àgbà fi ń mọ ẹni tó pẹ́ wọlé lóru. Láàárín ilé, àgbàlá wà, kànga wà níbẹ̀, igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Àgbàlá yẹn ni wọ́n ti sọ èmi àti gbogbo ọmọ ilé lórúkọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wẹ òkú bàbá mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ń jà nínú yàrá, àgbàlá ni ẹjọ́ ti ń parí, torí ojú gbogbo ilé ló wà níbẹ̀.

Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá bàbá mi fẹ́, nítorí náà ìdí igi mẹ́ta la jẹ́. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, atẹ́gùn òjò kan ká páànù méjì kúrò lókè ọwọ́ ẹ̀yìn. Páànù méjì péré. Owó rẹ̀ ò tó èyí tá a ná sórí aṣọ ẹbí lọ́dún yẹn. Ìdí igi tiwa ní yàrá tó ń jò kì í ṣe tiwa. Àwọn tó ni yàrá ní ilé ẹbí ni, kí ẹbí san án. Ìdí igi kẹta ò tiẹ̀ sí nílé, Èkó ni wọ́n wà. Wọ́n gbé abọ́ sábẹ́ ibi tó ń jò. Òjò ọdún kejì dé, abọ́ di bàsíà. Lọ́dún kẹta, orí ògiri ti mu omi yó, ó là láti òkè délẹ̀, ó sì wó lóru. Ọlọ́run yọ wá, kò pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ yí padà. Kò sẹ́ni tó tún ń sọ pé ká tún un ṣe. Wọ́n ń sọ pé kí la fẹ́ fi àwókù ṣe? Ẹ̀gbọ́n wa kan tí ìwé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ mú olówó kan wá, wọ́n pín owó, ohun tó kàn mí níbẹ̀ ò ra ọ̀kadà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí katapílà dé. Ohun tí mo rántí jù ni eruku pupa tó bo ewé ọsàn wẹ́wẹ́ náà kí wọ́n tó dojú òun náà bolẹ̀. Kànga yẹn wà lábẹ́ kọnkéré báyìí. Wọ́n ń ta fóònù lórí rẹ̀.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní ayé òde òní ló ń pa ilé àtijọ́, páànù méjì yẹn ni mo máa ń rántí.

Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo fi jẹun fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ògiri díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ògiri amọ̀ kì í pẹ́. Irọ́ ni. Àwọn tó kọ́ ọ gún erùpẹ̀ pupa lẹ́sẹ̀ títí tó fi di ìkan, wọ́n mọ ìpele kan, wọ́n dúró kó gbẹ, kí wọ́n tó mọ ìkejì lé e. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣe é. Ògiri bẹ́ẹ̀ nípọn, ó ń jẹ́ kí yàrá tutù lọ́sàn-án gangan nígbà tí ilé bulọ́ọ̀kù ń hó bí ààrò. Kò sí ohun tó lè pa á bí kò ṣe omi. Omi láti òkè tí òrùlé bá lu. Omi láti ìsàlẹ̀ tí ọ̀sọ̀rọ̀ bá ń ta sí ìdí rẹ̀ lójoojúmọ́ tí kò sí gọ́tà. Èyí tó kù ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ́tí sí dáadáa, torí ọwọ́ àwa tá a fẹ́ràn ilé wa ló ti ń wá: sìmẹ́ǹtì.

A rówó díẹ̀, a ní ká tún ilé bàbá wa ṣe, a pe bíríkìlà, ó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ògiri amọ̀. Ó dán. A kùn ún lọ́dà. Àmọ́ ògiri amọ̀ máa ń mí. Ó ń fa ọ̀rinrin látinú ilẹ̀, ó sì ń tú u sílẹ̀ sínú atẹ́gùn. Sìmẹ́ǹtì ti dí i lẹ́nu. Ọ̀rinrin ò rí ọ̀nà jáde, ó kóra jọ sáàárín amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì. Tẹ́ ẹ bá délé lónìí, ẹ fi ìka kan ògiri yín lára bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Tó bá dún gbọ̀n-ìn bí agbè tó gbẹ, sìmẹ́ǹtì yẹn ti já kúrò lára amọ̀. Lọ́jọ́ tó bá máa wó, á gbé amọ̀ dání lọ. Èmi fúnra mi ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún àwọn èèyàn nígbà tí mi ò tíì mọ̀. Ó ń dùn mí. Amọ̀ ni kẹ́ ẹ fi rẹ́ amọ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí etí òrùlé gùn dáadáa, kẹ́ ẹ la gọ́tà sí ìdí ilé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn àlejò máa ń gun Láyípo ní Òkè Àrẹ, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936 yẹn, kí wọ́n lè ya àwòrán òrùlé Ìbàdàn. Páànù pupa lọ súà, ó sì rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi kì í lè wo àwòrán yẹn pẹ́. Ìpẹtà ni pupa yẹn. Ibi tí wọ́n ti ń rí ẹwà, ojú ibi tó ń jò ni mo ń rí.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ti ìwé. Ẹ ti rí àwọn ilé tí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri wọn pé "ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ". Ohun tí àkọlé yẹn ń sọ fún mi ni pé ẹnì kan nínú ẹbí ti ń wá ẹni tó máa rà á. Ọ̀dà ò lè dáàbò bo ilé. Ohun tí kóòtù ń tẹ̀ lé lórí ilé ẹbí ti wà tipẹ́, ó sì yẹ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yìí mọ̀ ọ́n sórí. Bí ọmọ ilé kan bá dá ilé ẹbí tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà ò múlẹ̀ rárá, bí ẹni tí ò ta nǹkan kan ni. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìsí ìfọwọ́sí àwọn àgbà ẹbí yòókù, àwọn yẹn lè gba kóòtù lọ kí wọ́n fagi lé e. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, wọ́n gbọ́dọ̀ tètè lọ. Bí wọ́n bá jókòó tí wọ́n ń wo ẹni tó rà á tó ń kọ́lé lé e lórí, ọ̀rọ̀ á ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó sì yẹ kó fọwọ́ sí i nínú ilé tó bá ń pín nǹkan ní ìdí igi, àwọn àgbà tó dúró fún ìdí igi kọ̀ọ̀kan ni. Torí náà, tí ìdí igi kan bá wà l'Ékòó tí wọn ò mọ ohun tó ń lọ nílé, ihò tí olè máa gbà wọlé nìyẹn. Nílé tiwa, ibẹ̀ náà ló gbà.

Òfin nìkan ò tó, mo mọ̀. Ẹ rántí Ilé Ilọ́jọ̀ ní Tinúbú l'Ékòó, ọ̀kan nínú àwọn ilé tí àwọn tó ti Brazil dé fi ọwọ́ wọn ṣọ̀ṣọ́. Láti 1956 ni ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ní 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n dà á wó lulẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni. Ẹ fi ọjọ́ yẹn sọ́kàn. Ẹni tó bá fẹ́ wó ohun tí kò yẹ kó wó, ọjọ́ tí ọ́fíìsì ò ṣí ló ń yàn. Ọ́fíìsì ìjọba máa ń sinmi lópin ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n àwa ń gbé ibí. Ohun tí ẹgbẹ́ àdúgbò fi ju ìjọba lọ nìyẹn: àwa là ń jí síbẹ̀.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan níwájú ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹwà ni gbogbo èyí, pé ebi ń pa ará ìlú. Ìyá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn pẹ̀lú omi. Ní 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó sì gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé ọmọ èèyàn lọ. Àwọn tó dàgbà nínú wa ò lè gbàgbé omíyalé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀. A ń sọ pé pàǹtí tó dí odò ló fà á, òótọ́ ni, pàǹtí wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí ibi tí òjò ń lọ tẹ́lẹ̀. Àgbàlá kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ tó ń mu omi. Òjò rọ̀, ilẹ̀ mu tirẹ̀, kànga gba tirẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù ló ń ṣàn lọ sójú títì. Nígbà tá a da kọnkéré bo gbogbo àgbàlá tá a sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé e, gbogbo òjò tó bá bọ́ sórí àdúgbò yìí ò ní ibòmíràn tó máa lọ ju ojú ọ̀nà, láti ojú ọ̀nà sínú Kúdẹtì àti Ògùnpa. Ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ lomi yẹn ń lọ bá nílé. Ìyá tó ń ta gàrí létí odò ni àgbàlá Ìbíkúnlé ń dáàbò bò.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì mọ sí àdúgbò alámọ̀. Ẹ wo Bódìjà àtijọ́, àdúgbò tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ìgbà náà ṣètò ní ìparí àwọn ọdún 1950, ilé alágbàlá, igi, ọ̀nà tó tò. Ní alẹ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, ìbúgbàù kan mi gbogbo Ìbàdàn. Ìjọba ìpínlẹ̀ sọ pé ohun abúgbàù tí àwọn tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ kó pamọ́ sínú ilé kan ló fà á. Èèyàn kú. Ilé tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún fọ́. Mi ò sọ èyí láti bá àwọn ará Bódìjà wí, wọ́n jẹ ìyà tó pọ̀. Mò ń sọ ọ́ torí pé nígbà tá a bá ní ká ṣọ́ àdúgbò, a kì í ṣọ́ ògiri nìkan. A gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ilé ń di. Ilé gbígbé di sítọ́ọ̀, sítọ́ọ̀ di ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, géètì ga, a kì í sì í bi ara wa. Nínú agbo ilé, ẹni kan ò lè gbé àpò kan wọlé kí gbogbo àgbàlá má rí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń wò mí bíi pé mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa gbé inú ilé tí kò ní omi. Rárá o. Mi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé ká má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọ inú ilé. Ẹ fa iná, ẹ fa omi, ẹ la yàrá méjì pọ̀. Ẹni tó bá ní kí ìyàwó òun máa gbé ike omi gun àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá nítorí ìṣẹ̀ǹbáyé ń fìyà jẹ ìyàwó rẹ̀ ni. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni iwájú ilé, àgbàlá, kànga àti orúkọ. Iwájú ilé, kí ẹni tó ń kọjá mọ ibi tó wà. Orúkọ, torí mo ti rí i tí wọ́n fi orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilẹ̀ pe ọ̀nà tó ti ń jẹ́ orúkọ jagunjagun láti ayé àwọn baba wa.

Ẹ̀yin ayálégbé, oríkì wa ní bí Ìbàdàn ṣe ń gbonílé bẹ́ẹ̀ ló ń gba àjòjì. Ẹ̀yin lẹ wà nílé nígbà tí àwọn onílé wà l'Ékòó àti l'Ábújá. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ rí ẹ́jẹ́ǹtì tó ń fi tépù wọn ilẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò bá fún ayálégbé láyè láti sọ̀rọ̀ ti fi ojú rẹ̀ kan dí. Alága, mo rọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà nínú ìgbìmọ̀, kì í ṣe kí wọ́n kàn máa san owó ọdẹ.

Ohun tí mo bá alága sọ kí n tó dìde nìyí. Kí ẹgbẹ́ ra ìwé ńlá kan. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀: ta ló kọ́ ọ, ìdí igi mélòó, ta ni àgbà ìdí igi kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ níbikíbi tó bá wà, àwòrán iwájú ilé, ẹ̀dà ìwé ilẹ̀. Kí olórí ẹbí kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i níbẹ̀ pé òun ò ní bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà láìjẹ́ pé gbogbo àgbà tó wà nínú ojú ewé yẹn gbọ́. Kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń fúnni níwèé àṣẹ ilé kíkọ́, kí wọ́n mọ̀ ṣáájú pé ẹgbẹ́ wà níbí, ó sì ń wò. Kí a sì dá èésú kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju páànù lọ. Bí ilé kan bá ń jò, ká kàn án kọ́kọ́, ká wá jà lórí ẹni tó máa san án padà lẹ́yìn tí òjò bá ti dá.

Mo rí ilé kan bí mo ṣe ń bọ̀ wá síbí, èyí tó ní òpó mẹ́rin níwájú, wọ́n fi tapólì bo igun kan lórí rẹ̀. Mo dúró wò ó. Ògiri rẹ̀ ṣì dára, mo fọwọ́ kàn án. Páànù méjì ló kù díẹ̀ káàtó lórí rẹ̀, bóyá mẹ́ta. Òjò àkọ́rọ̀ ò ní pẹ́ dé. Àkàbà wà nílé mi, òòlù wà, mo ṣì lè gun òkè bí ẹnì kan bá di ìsàlẹ̀ mú. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀, màá ti wà níbẹ̀.